Àtàǹpàkò Baba Oníná

Bí Kihachi Takigami bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, àtàǹpàkò rẹ̀ kì í sinmi. Ó lè jẹ́ ní ilé ìwòsàn tó ti ń dúró de dókítà, ó lè jẹ́ nílé onígbàjámọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé rìmóòtù lé e lọ́wọ́. Bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ orúnkún rẹ̀ kíá. Bí ìpolówó bá parí, á tún un tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní ìlú Sakata mọ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ Baba Oníná ni wọ́n ṣì ń pè é, nítorí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò iná ló fi jẹun títí tó fi darúgbó. Ó ń ta fìríìjì, ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń gun òrùlé onílé lọ gbé irin tẹlifíṣọ̀n dìde nígbà tí atẹ́gùn òkun bá wó o.

Òun ló kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ fídíò ládùúgbò. Nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì wọ́n gógó, ẹni tó bá ń gba eré sílẹ̀ kì í fẹ́ fi àyè inú rẹ̀ ṣòfò fún ọṣẹ ìfọṣọ àti bíà. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á jókòó síwájú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, ìka lórí bọ́tìnì. Ìpolówó wọlé, á dá ẹ̀rọ dúró. Eré padà dé, á jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í fọ́nnu bí apẹja ṣe ń fi ẹja fọ́nnu. Ti Kihachi wá yàtọ̀. Ara rẹ̀ ló máa ń sọ fún un pé ìpolówó ń bọ̀ kí ó tó dé. Ẹ wo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ta ohunkóhun rí nílẹ̀ Jàpáàn. Bí ó bá sì parí, á ṣẹ́ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà dànù, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

"Nínú ilé tèmi," á ní, "ẹnì kankan ò lè polówó ọṣẹ."

Fusae ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Kazumi, ọṣẹ náà la fi fọ ẹ̀wù tó wà lọ́rùn yín yẹn o."

Fusae ti kú. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú pẹpẹ kékeré tó wà ní yàrá ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní àràárọ̀, Kihachi á bu ìrẹsì gbígbóná díẹ̀ síwájú rẹ̀, á tan tùràrí, á wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà fún un. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ. Èyí tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn, kò sì fi dù ú lọ́jọ́ kan rí.

Kásẹ́ẹ̀tì kún yàrá òkè fọ́fọ́. Bí Kazumi, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Tokyo, bá wálé ọdún tuntun, á gbójú sókè wo àjà, á ní, "Bàbá, lọ́jọ́ kan, àjà yìí á já lé yín lórí."

"Á jẹ́ pé ohun tó dáa ló pa mí," ni baba rẹ̀ máa ń wí.

Ọdún tí òjò ò dáwọ́ dúró yẹn ni Chinatsu Minegishi wá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbọ́n ni, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n agbègbè náà ló ń bá ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ yẹn ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Fìtílà Èbúté: ọlọ́pàá arúgbó kan àti opó kan tó ń ta oúnjẹ létí òkun, àwọn méjèèjì ń wá ẹni tó dáná sun ọkọ̀ ojú omi ọkọ opó náà. Bí ó bá ti di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgboro Sakata á dá páropáro. Àmọ́ téèpù wọ́n fún àwọn náà, wọ́n sì ti gba ìròyìn àti bọ́ọ̀lù lé eré náà lórí. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ gbé àwọn eré àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ máa wò wọ́n pẹ̀lú àwòrán tó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sí eré nílé. Wọ́n ti jẹ iṣu jẹ èbù mọ́ ọn, wọ́n wá ń wá ohun tí wọ́n máa gbìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú," ni Chinatsu wí, ó tẹrí ba. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní in."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tí mo bi ni, Bàbá."

Kihachi fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n wá yọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n fún ìdùnnú.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rinrin òkun ti jẹ́ kí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà bu, téèpù inú wọn ti funfun bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Bí èèyàn bá ki irú rẹ̀ bọnú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó máa ba téèpù jẹ́, á tún ba ẹ̀rọ jẹ́. Kihachi á bo imú, á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, á tú kásẹ́ẹ̀tì, á máa fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ gba inú aṣọ rírọ̀ tó fi sípíríìtì rẹ. Chinatsu ń tú, ó ń nù, ó sì ń bá a jiyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ ka téèpù náà sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àkọ́kọ́ jáde, àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka òdòdó ara aṣọ kímónò opó náà.

"Háà! Bàbá, kò mà sí ìpolówó kan ṣoṣo níbẹ̀! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ gbà kúrò lọ́wọ́ wa yìí."

"Mo ti sọ fún ẹ," ni Baba Oníná wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́, orí rẹ̀ wú bí ti ọmọ tó gba ipò kìíní.

Wọ́n ṣe é lọ títí ó fi ku ẹyọ kan, èyí tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ìparí rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti mú ẹni tó dáná náà?"

"Ó bàjẹ́."

"Ó bàjẹ́ báwo? Bí ó bá jẹ́ pé ó bu ni, a lè…"

"Mo ní ó bàjẹ́." Kihachi ń da tíì sínú ife tó ti kún, tíì sì ń ṣàn sórí tábìlì. Chinatsu nù ún, kò bi í léèrè mọ́.

Ìyá Mitsuyo Kosugi ló kàn. Ilé kejì ló ń gbé. Òun àti Isaburo ọkọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀fọ́ rírẹ tó wà ní igun òpópónà, gbòǹgbò pupa tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan títí á fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi lórúkọ. Isaburo ti kú, ṣọ́ọ̀bù ti tì, ṣùgbọ́n ìyá náà kì í wọlé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfìfo. Ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́ báyìí.

"Oníná, o wà nílé? Wọ́n ní Fìtílà Èbúté ń padà bọ̀."

"Ó ń bọ̀ o, Ìyá. Ẹ máa rò pé àná ni wọ́n ṣe é ni."

"Ó dáa. Èmi ò tiẹ̀ rí ti ọlọ́pàá yẹn rò, ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Isaburo ni mo fẹ́ rí."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Kihachi.

"Ìpolówó wa ni mò ń wí! Ṣebí àárín eré yẹn ni wọ́n máa ń fi í sí? Isaburo dé fìlà, ó gbé àwo dání, ó ń kọrin bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. O ti gbàgbé ni?"

Kihachi bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ló yára ju ọpọlọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. "Ìpolówó kẹ̀? Nínú kásẹ́ẹ̀tì tèmi? Ìyá, ẹ̀yin náà mà mọ̀ mí! Kò sí ìpolówó tó…" Ó wá rí ojú ìyá náà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Mitsuyo gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Fọ́tò rẹ̀ kún ilé," ni ó wí. "Ojú rẹ̀ ò ṣòro fún mi. Ohùn rẹ̀ ni mi ò gbọ́ mọ́, Oníná. Bí mo bá ń fọ abọ́, màá ní kí n rántí bó ṣe ń pè mí, ohùn ọmọ mi ló máa ń wá. Bí yìnyín ọdún yìí bá ti yọ́, ọmọ náà ń bọ̀ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sendai. Mo kàn ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó kúrò níbi tó ti máa ń kọ ọ́."

"Màá wá a, Ìyá," ni Kihachi wí. Ó sọ ọ́, ó sì mọ̀ pé aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Síbẹ̀, ó wá a. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bóyá níbì kan, ó ti fi àtàǹpàkò ṣe àṣìṣe. Òun àti Chinatsu tún gbogbo rẹ̀ wò, ibi tí eré ti já sí ìpolówó nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n sì rí nǹkan, nǹkan tó burú ju àìrí lọ. Níbì kan, wọ́n rí etí fìlà, ó pòórá. Níbòmíràn, wọ́n rí ọwọ́ tó gbé àwo. Níbì kan báyìí, Isaburo fúnra rẹ̀ yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ya ẹnu láti kọrin, ọlọ́pàá dé.

Wọ́n fi eléyìí han Mitsuyo, nítorí òun ló dára jù níbẹ̀. Ó wò ó, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Isaburo ya ẹnu, ọlọ́pàá dé.

"Áà!" ni ìyá náà ké. "Ìwọ lo wá ń fún ọkọ mi lọ́rùn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀! Ẹ gbà mí o, mo ń bá apààyàn gbé àdúgbò!"

Chinatsu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mitsuyo náà ń rẹ́rìn-ín. Kihachi gbìyànjú láti bá wọn rín in, kò jáde. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé ohun tí òun ń yọ dànù ni ìdọ̀tí, pé ohun tó kù ni ojúlówó. Ojú tì í gidigidi. Nígbà tí ìyá náà lọ, ó jókòó síwájú fọ́tò Fusae, kò sọ ètò tẹlifíṣọ̀n kankan.

"Kásẹ́ẹ̀tì kan kù," ni ó wí níkẹyìn. Chinatsu kò mọ̀ bóyá òun ló ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìyí. Alẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìparí Fìtílà Èbúté, atẹ́gùn wó irin tẹlifíṣọ̀n baba arúgbó kan ní ẹ̀yìn odi, baba náà sì fẹ́ wo ìparí eré bíi ti gbogbo ayé. Kihachi gbọ́dọ̀ lọ. Ó fi ẹ̀rọ lé Fusae lọ́wọ́, ó kọ́ ọ ní bọ́tìnì bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Nígbà tó padà dé, tó wo ohun tí ìyàwó rẹ̀ gbà, opó ń sọ fún ọlọ́pàá pé, "Mo ti mọ ẹni tó dáná sun ọkọ̀ náà." Ìpolówó wá wọlé, gbogbo rẹ̀, pátápátá. Nígbà tí eré fi máa padà, wọ́n ti de ẹni náà lọ́wọ́, ó ń sunkún. Ibi tí gbogbo ìlú ti ń dúró dè ti lọ.

Kihachi pariwo lálẹ́ ọjọ́ náà débi pé àwọn ará ilé kejì gbọ́. Fusae kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń yí etí ẹ̀wù rẹ̀ lọ́wọ́.

"Isaburo ló yọ, Bàbá Kazumi. Isaburo wa. Àárọ̀ yìí ló fún wa ní ẹ̀fọ́ tá a fi jẹun. Báwo ni mo ṣe máa tẹ bọ́tìnì mọ́ ọn lẹ́nu bó ṣe ń kọrin? Kò dáa. Mo ní kí n jẹ́ kó parí ná. Ó parí, ó tẹrí ba, èmi náà tẹrí ba fún un. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí bọ́tìnì, mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ sì dúró ní kété tí eré padà dé."

"O tẹrí ba fún tẹlifíṣọ̀n?"

"Isaburo ni mo tẹrí ba fún."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, Fusae kò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ títí tó fi kú. Kihachi kọ ọ́ gàdàgbà sára kásẹ́ẹ̀tì náà pé Ó BÀJẸ́. Kò ṣẹ́ eyín rẹ̀, nítorí ó fẹ́ gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Bóyá ó sì ti gbà á, bóyá kò gbà á, kò rántí mọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà á nìyẹn, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá òkè.

Ó rí i nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Eyín rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ó bu ju gbogbo àwọn yòókù lọ, téèpù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Kihachi fi ọ̀pọ̀ ọ̀sán yí i, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná fún ọmọ. Bí Chinatsu bá ní kí òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní rárá. Ọjọ́ tí wọ́n máa kà á, wọ́n lọ pe Mitsuyo. Ó wọ kímónò rẹ̀ tó dára.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìjàkadì ló jáde, sumo, ọkùnrin sísanra méjì ń ti ara wọn.

"Mo ti gbà á lé e," ni Kihachi wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. "Mo ti gbà á lé e lórí."

Ọkùnrin kan ti èkejì ṣubú, àwọn èrò pariwo, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kihachi fẹ́ dìde. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà gbọ̀n, ó pa fún ìṣẹ́jú kan, ojú opó sì yọ, ó wà nínú ilé oúnjẹ rẹ̀, ó ń nu tábìlì. Ohun tó mú kí Kihachi dá ìjàkadì náà dúró nígbà náà lọ́hùn-ún, kò rántí rẹ̀ títí dòní.

"Mo ti mọ ẹni tó dáná sun ọkọ̀ náà," ni opó wí.

Isaburo Kosugi sì wọlé. Fìlà rẹ̀ ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé àwo gbòǹgbò pupa dání, eyín iwájú rẹ̀ kan ò sí. Ó ya ẹnu, ó kọrin:

"Pupa rẹ̀ dé eyín, kíkan rẹ̀ dé ọrùn, ẹ bu ìrẹsì kún un, ẹ bá Kosugi jẹ ẹ́!"

Ó tẹrí ba.

"Ohùn rẹ̀ ò tọ̀nà!" ni Mitsuyo wí. "Mo sọ fún un! Mo ní ibi 'ọrùn' yẹn, kó gbé e sókè díẹ̀! Olórí kunkun!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Òun nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn."

Wọ́n tún un ṣe fún un títí ó fi ní ó tó.

Nígbà tí Chinatsu ń kó ẹrù rẹ̀, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ibi tó sọnù nínú eré náà, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sọnù. Ìpolówó, wọn kì í fi sílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́.

"Ẹ má yọ Isaburo," ni Kihachi wí.

"Bàbá? Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹni tó bá ni ìpolówó náà ló máa fọwọ́ sí i o."

"Èmi ni mo ni ín," ni Mitsuyo wí. "Mo fọwọ́ sí i, mo tún fẹsẹ̀ sí i. Ibo ni ìwé ọ̀hún wà?"

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ìparí Fìtílà Èbúté dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé, ó ń kán tó, tó. Àwọn ará àdúgbò kún yàrá ìjókòó Baba Oníná, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì oníná tó ń mú ẹsẹ̀ gbóná, tí wọ́n fi kúbùsù bò. Gbòǹgbò pupa tí Mitsuyo rẹ kẹ́yìn kí ó tó lọ wà láàárín wọn. Kazumi náà wá láti Tokyo. Kò sọ̀rọ̀ àjà.

Opó nu tábìlì rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ara Kihachi sọ fún un, bó ṣe máa ń sọ fún un, pé ó ń bọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ gbéra lórí rìmóòtù. Gbogbo wọn rí i, wọ́n gbé ojú kúrò.

Kihachi wo àtàǹpàkò náà bí ẹni tó rí àlejò. Ó fi orúnkún wọ́ lọ sídìí pẹpẹ kékeré, ó gbé rìmóòtù náà kalẹ̀ síwájú fọ́tò Fusae, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrẹsì.

"Bá mi mú un," ni ó wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n lò."

Isaburo kọrin rẹ̀ dé òpin, ó ṣì í kọ níbi tó máa ń ṣì í kọ, ó sì tẹrí ba. Mitsuyo tẹrí ba padà fún un. Kihachi náà tẹrí ba, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí, sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè, eré sì ti ń bá tirẹ̀ lọ.